Téèpù ń pa iṣẹ́ mi rẹ́: kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an nígbà tó bá ń kọ nǹkan sórí téèpù?

Ayàwòrán_Àgbádárìgì kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àgbádárìgì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ fídíò. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè ni mo sì máa ń yà jù. Ó ti tó ọdún 10 tí fáìlì ti ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ mi. Nígbà tí hard disk kejì kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo pinnu pé n ó wá ohun mìíràn tí mo lè kó wọn pamọ́ sí. Mo ra ẹ̀rọ téèpù LTO-5 àlòkù kan (LTO ni irú téèpù tí a fi ń kó dátà pamọ́, 5 ni ìran rẹ̀) pẹ̀lú káàdì SAS tí a fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àti káàtíríìjì 5, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí mo fi Debian, irú Linux kan, sí, ó sì yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní orúkọ /dev/st0.

Mo wá fi tar, ètò tó ń di fáìlì púpọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, kọ àkójọ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn sórí káàtíríìjì kan náà, báyìí:

tar -cvf /dev/st0 igbeyawo1
tar -cvf /dev/st0 igbeyawo2
tar -cvf /dev/st0 isinku3

Kò sí èyí tó mú àṣìṣe kankan wá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí tar ka ohun tó wà lórí téèpù náà fún mi, ìsìnkú nìkan ló rí. Káàtíríìjì yìí gba terabáìtì 1.5, àkójọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì tó gígábáìtì 400, nítorí náà kì í ṣe pé àyè kún.

Èkejì ni pé oníbàárà kan gbé téèpù LTO-4 wá bá mi láti Èkó, ó ní kí n bá òun yọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ti ní kí tar kà á, ohun tó ń sọ ni "Cannot allocate memory", bẹ́ẹ̀ ìrántí kọ̀ǹpútà mi jẹ́ gígábáìtì 16, kò sì sí ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àṣẹ tí n ó kàn dà kọ ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí ó yé mi ohun tí Linux ń bá ẹ̀rọ yìí sọ, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í.

Ọmọ_Ìkòròdú kọ:

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ta ẹ̀rọ yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra hard disk àfitagbangba méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ni ó tún ń lo téèpù lásìkò tí a wà yìí?

Ẹja_Ọ̀sà_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tó fọwọ́ kan téèpù rí, èmi náà wà lára wọn, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ yín. Orúkọ /dev/st0 yẹn ló fa wàhálà. Driver kan tó ń jẹ́ st ló ń bá ẹ̀rọ téèpù sọ̀rọ̀ nínú Linux, ó sì máa ń fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ju orúkọ kan lọ. Méjì tó kàn yín níbẹ̀ ni /dev/st0 àti /dev/nst0. Bí ètò kan bá lo st0 tó sì pa á dé lẹ́yìn iṣẹ́, driver yóò pàṣẹ pé kí a ká téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ nst0 ló lò, téèpù yóò dúró síbi tó bá a dé. Ẹ fi ls -l wò wọ́n, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà 9 ni àwọn méjèèjì jọ ní, àmọ́ 0 ló tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, 128 ló sì tẹ̀ lé ti èkejì. Ìyàtọ̀ tó gbé ìgbéyàwó méjì lọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti bí kíkọ náà ṣe ń lọ, ẹ kọ́kọ́ fi hard disk ṣe àpẹẹrẹ. Lórí hard disk, filesystem wà láàárín ètò àti ẹ̀rọ bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí: òun ló mọ yàrá tó ṣófo, òun ló ń kọ orúkọ fáìlì sínú ìwé rẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí a da ẹrù tuntun lé ẹrù tó ti wà níbẹ̀. Ẹni yẹn kò sí lórí téèpù. Ètò yóò pe write, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, yóò gba báìtì tó gbé wá, driver yóò sọ ọ́ di àṣẹ kan tó ń jẹ́ WRITE ní SCSI, èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá irú ẹ̀rọ báyìí sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yóò sì kọ ọ́ síbi tí téèpù bá dúró sí lásìkò náà. Àṣẹ tí a ń fi ránṣẹ́ sí hard disk gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà àyè tí a fẹ́ kọ nǹkan sí. WRITE ti téèpù kì í sọ ibì kankan, iye ohun tó fẹ́ kọ nìkan ló ń sọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ibi tí téèpù rẹ̀ dúró sí kò mọ ohun tó ń kọ nǹkan lé lórí, Linux kò sì ní bi í.

Bí a kò bá tíì yan ìwọ̀n kan pàtó fún ẹ̀rọ náà, ìyẹn bí a bá ti tẹ mt -f /dev/nst0 setblk 0 (mt ni àṣẹ tí a fi ń darí ẹ̀rọ téèpù), write kọ̀ọ̀kan ni yóò di búlọ́ọ̀kù kan lórí téèpù, bó ti wù kó tóbi tó láàárín ohun tí ẹ̀rọ àti driver lè gbà. Tar máa ń kó báìtì 512 lọ́nà 20 pọ̀, tí í ṣe 10,240, kó tó pe write lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí tar sì pa ẹ̀rọ dé, driver yóò fi àṣẹ WRITE FILEMARKS kọ àmì kan sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù tó gbẹ̀yìn. Àmì yìí kì í ṣe ara dátà. Nígbà tí ẹni tó ń kàwé bá kan án, read yóò dá 0 padà, 0 yẹn sì ni ètò tó ń kàwé lè fi mọ̀ pé òun ti kan àmì. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín àmì méjì ni a ń pè ní fáìlì lórí téèpù, kódà bí fídíò 200 bá wà nínú rẹ̀; orúkọ àwọn fídíò náà wà nínú ohun tí tar fúnra rẹ̀ kọ, kernel kò mọ̀ wọ́n rárá.

Fún iṣẹ́ tó kù, ẹ máa ṣe é báyìí:

mt -f /dev/nst0 eod
tar -cvf /dev/nst0 igbeyawo4

Eod yóò gbé téèpù lọ sí òpin ohun tó ti wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ka àkójọ kẹta, ẹ lo mt -f /dev/nst0 asf 2, nítorí láti 0 ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé fsf níbẹ̀rẹ̀, torí ó ń ka iye àmì láti ibi tí ẹ bá wà, kò sì rọrùn láti mọ̀ bóyá ẹni tó kàwé kẹ́yìn dúró síwájú àmì ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Asf máa ń ká téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó kà, ìyẹn fi ọkàn ẹni balẹ̀.

Ayàwòrán_Àgbádárìgì kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, àbúrò mi. Ó yé mi dáadáa báyìí. Àmọ́ àwọn ìgbéyàwó méjì yẹn ńkọ́? Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tóbi ju ìsìnkú lọ, ó ní láti jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ibi tí ìsìnkú parí sí. Ṣé kò sí bí a ṣe lè fo ìsìnkú kọjá kí a lọ ka ìyókù? Bákan náà, ṣé n kò lè fi àkójọ tuntun rọ́pò èyí tó wà láàárín, bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n jẹ́?

Ẹja_Ọ̀sà_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Kí n má fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n: bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tiyín nìkan, wọ́n ti lọ. Lóòótọ́ ni òkìtì dátà kan kù lẹ́yìn ìsìnkú, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ LTO bá ti parí kíkọ, ó máa ń fi àmì òpin dátà síbẹ̀, kò sì ní gbà láti kà kọjá àmì náà, àṣẹ yòówù kí Linux fi ránṣẹ́ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba dátà là ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tan ẹ̀rọ náà jẹ, àmọ́ owó wọn kì í ṣe kékeré. Ẹ yọ káàtíríìjì yẹn kúrò, ẹ má kọ ohunkóhun sórí rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi pinnu.

Ìdí kan náà ni kò fi ṣeé ṣe láti rọ́pò ohun tó wà láàárín. Ibi tí ẹ bá ti kọ nǹkan, ibẹ̀ ni òpin téèpù yín láti ìgbà náà lọ.

Bàbá_Topo kọ:

Ọmọ mi Ayàwòrán, o kú ìpàdánù. Mo rí i pé Àgbádárìgì kan náà ni a jọ wà, ó sì wù mí kí n fi kún ohun tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí sọ, nítorí ó sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kò sọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Erékùṣù Èkó láti àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí téèpù ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, tí kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́wàá àbọ̀, tí téèpù orí rẹ̀ sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,400.

Ẹ̀rọ ìgbà yẹn máa ń dúró lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Kó tó lè sáré débi tó yẹ kó tó kọ èyí tó kàn, téèpù gbọ́dọ̀ ti rìn díẹ̀, kó tó dúró pẹ̀lú, yóò tún rìn díẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àlàfo tí a kò kọ ohunkóhun sí fi máa ń wà láàárín búlọ́ọ̀kù kan àti èkejì. Lórí téèpù oníla mẹ́sàn-án tí IBM gbé jáde pẹ̀lú System/360 lọ́dún 1964, àlàfo náà jẹ́ íǹṣì 0.6. Ìwọ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí òwú, tí òwú tó wà láàárín ìlẹ̀kẹ̀ méjì gùn ju ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ kan lórí káàdì ìgbà náà jẹ́ lẹ́tà 80. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ lẹ́tà 1,600 sínú íǹṣì kan, lẹ́tà 80 kò gbà ju íǹṣì 0.05 lọ, àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi ìlọ́po 12 jù ú lọ! Bí a bá fi ìṣirò tẹ̀ ẹ́, gbogbo kẹ̀kẹ́ náà kò ní gbà ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó àkọsílẹ̀ 50 pọ̀ sínú búlọ́ọ̀kù kan, tí búlọ́ọ̀kù náà wá jẹ́ báìtì 4,000 tó gba íǹṣì méjì àbọ̀, kẹ̀kẹ́ kan náà yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 37. Báìtì 10,240 ti tar tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ sọ, inú ìṣirò báyìí ló ti wá. Tar fúnra rẹ̀, téèpù ló fún un ní orúkọ. Ó wà nínú ẹ̀dà kẹ́je Unix (ètò tí Linux fara wé) tó jáde lọ́dún 1979.

Ọ̀rọ̀ ìrọ́pò tí o béèrè, àlàfo yìí ló kọ́kọ́ pa á. Ẹ̀rọ kì í dúró síbi kan náà gẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá tún búlọ́ọ̀kù àárín kọ, ìrù tuntun lè gun orí èyí tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ìrù àtijọ́ yọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ayé òde òní ń fún dátà pọ̀ kó tó kọ ọ́, nítorí náà àkójọ méjì tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà lórí hard disk rẹ kò ní gba ìwọ̀n kan náà lórí téèpù.

Kí n tó dákẹ́, ohun kan ń dùn mí nípa Unix. Lábẹ́ OS/360, ètò adarí System/360, búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lórí téèpù ni VOL1, níbi tí nọ́ńbà téèpù wà. HDR1 tẹ̀ lé e pẹ̀lú orúkọ fáìlì, ọjọ́ tí a kọ ọ́ àti ọjọ́ tí a lè pa á rẹ́. Lẹ́yìn dátà ni EOF1, tó ní iye búlọ́ọ̀kù tí a kọ. Lẹ́tà 80 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí iṣẹ́ kan bá fẹ́ kọ nǹkan lé téèpù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, ètò adarí kọ̀ǹpútà yóò dúró, yóò sì bi àwa tí a wà nídìí ẹ̀rọ léèrè bóyá kí òun tẹ̀ síwájú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òrùka oníke kan wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Bí òrùka yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní kọ ohunkóhun. Unix kì í béèrè ohunkóhun. Ó gbà pé ẹni tó tẹ àṣẹ mọ ohun tó ń ṣe, èrò tèmi sì ni pé ìgbàgbọ́ yẹn ti pọ̀ jù.

Ẹja_Ọ̀sà_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Bàbá, a dúpẹ́ o. N kò bá yín jiyàn lórí ti Unix, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà yẹn náà ló jẹ́ kí dd, ètò tó ń da báìtì kọ bó ṣe rí, lè ka téèpù tí ẹnikẹ́ni kọ, títí kan VOL1 àti HDR1 tí ẹ dárúkọ.

Mo fẹ́ padà sórí "Cannot allocate memory". Kernel ló fi orúkọ tó ń ṣini lọ́nà pe nǹkan yìí. Kì í ṣe ìrántí kọ̀ǹpútà yín ló kéré, àwo tí tar gbé síwájú ẹ̀rọ ló kéré. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ohun tí a lè bù sí méjì nígbà kíkà: bí tar bá ní kí a fún òun ní 10,240, tí búlọ́ọ̀kù tó kàn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò sọ fún driver pé ìwọ̀n kò bára mu, driver yóò sì dá àṣìṣe ENOMEM padà dípò kó fún un ní ìdajì. Ní ìdàkejì, bí àwo bá tóbi ju búlọ́ọ̀kù lọ, kò sí wàhálà kankan; read yóò sọ iye tó rí. Ẹ tẹ dmesg lẹ́yìn tí àṣìṣe náà bá ti wáyé, kernel yóò sọ ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù náà fún yín gan-an. Ẹ wá pín in sí 512, ohun tó bá jẹ́ ni ẹ ó fún tar lẹ́yìn -b.

Ayàwòrán_Àgbádárìgì kọ:

Ó ṣẹlẹ̀ bí ẹ ṣe wí! Ohun tí dmesg kọ nìyí:

st 6:0:0:0: [st0] Failed to read 262144 byte block with 10240 byte transfer.

262,144 tí a pín sí 512 jẹ́ 512 gẹ́lẹ́. Mo ká téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ tar -b 512 -xvf /dev/nst0, gbogbo fáìlì oníbàárà náà sì jáde láìku ọ̀kan. Ó rò pé idán ni mo pa.

Àmọ́ nǹkan mìíràn tún yọjú. Nígbà tí mo ń kọ ìgbéyàwó kẹrin láti orí hard disk USB mi, ẹ̀rọ téèpù ń dún wọ̀ọ̀, á dákẹ́, á dún kíkì bí ẹni tó ń sẹ́yìn, á tún dún wọ̀ọ̀. Ìgbà tó tó wákàtí méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ṣé kò fẹ́ kú báyìí?

Olùkọ́_Ìkòròdú kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkòròdú, mo sì ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ayàwòrán, ẹ̀rọ yín kò kú, ebi ló ń pa á. LTO-5 lè kọ mẹ́gábáìtì 140 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, hard disk USB àtijọ́ kò sì lè fún un ní ìdajì rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ LTO mọ bí wọ́n ṣe ń dín eré kù láti bá ẹni tó ń fún wọn ní dátà rìn, ṣùgbọ́n ó níbi tí wọn kò lè dín in kù mọ́. Tí dátà bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dúró, yóò sẹ́yìn kọjá ibi tó ti kọ kẹ́yìn, yóò wá dúró de dátà kó tó tún sáré wá síwájú. Lílọ-bíbọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń fi wé aṣọ tí a fi ń dán bàtà, ó sì ń jẹ téèpù àti orí ẹ̀rọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi mbuffer sáàárín:

tar -b 512 -cf - igbeyawo5 | mbuffer -m 4G -P 90 -s 256k -o /dev/nst0

Yóò kó dátà jọ sínú ìrántí títí yóò fi kún dé ìpín 90 nínú 100 gígábáìtì 4, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ á ṣì máa dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò ní máa ṣe é ní gbogbo ìgbà. Èyí tó dára jù ni kí ẹ kọ́kọ́ da àkójọ náà sórí SSD inú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ buffer yìí ní ẹ̀yìn kan tó kàn wá ní ìlú tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ téèpù náà ní buffer tirẹ̀, ìyẹn ìrántí tó ń kó dátà sí kó tó kọ ọ́. Bí write bá dá padà tó sì sọ pé òun ti ṣe é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dátà ti dé ọwọ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe pé ó ti dé ara téèpù. Ìgbà tí driver bá kọ filemark ni ẹ̀rọ máa ń tú gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sórí téèpù. Nítorí náà, bí iná bá lọ kí tar tó pa ẹ̀rọ dé, ẹ má gba ìparí àkójọ yẹn gbọ́, kódà bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti dárúkọ fáìlì tó gbẹ̀yìn. Ẹ so ẹ̀rọ téèpù náà mọ́ UPS, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Mo ti rí ẹni tó fi kọ̀ǹpútà sórí UPS tó sì fi ẹ̀rọ téèpù sórí jẹnẹrétọ̀ gbalasa.

Bákan náà ni ìparí téèpù. Ẹ̀rọ máa ń kìlọ̀ ṣáájú kó tó dé òpin gan-an, driver á sì sọ ìkìlọ̀ náà di ENOSPC, ìyẹn pé àyè ti tán. Àyè díẹ̀ ṣì máa ń kù lẹ́yìn rẹ̀ tí ètò lè fi kọ ìlà ìkẹyìn rẹ̀.

Ọmọ_Ìkòròdú kọ:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀rọ LTO-7 ṣì lè ka téèpù LTO-5. LTO-8 kò lè kà á rárá, ìran kan ṣoṣo tó ṣáájú rẹ̀ ló ń kà. Bí ẹ̀rọ àlòkù yìí bá bàjẹ́ ní ọdún 8 sí i, níbo ni Ayàwòrán yóò ti rí òmíràn? Àti pé ṣé dandan ni kí ó máa ka àmì bí ẹni tó ń ka ọdún? Kò sí ohun tó rọrùn ju èyí lọ ni? Windows ńkọ́?

Olùkọ́_Ìkòròdú kọ:

Ìbéèrè gidi ni ti ẹ̀rọ tó bàjẹ́, àbúrò, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Èmi á ra ẹ̀rọ kejì báyìí nígbà tí LTO-5 àti LTO-6 ṣì pọ̀ lọ́jà àlòkù, nítorí LTO-6 ń ka LTO-5, ó sì tún ń kọ ọ́. Àǹfààní téèpù ni pé káàtíríìjì tó wà lórí pẹpẹ kò so mọ́ ohunkóhun, àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àṣìṣe kan nínú sọ́fítíwéè pa lẹ́tà àwọn kan tó ń lo Gmail rẹ́, ó sì pa ẹ̀dà tó wà ní ibòmíràn rẹ́ pẹ̀lú. Orí téèpù ni Google ti lọ kó wọn padà.

Windows náà mọ téèpù. Orúkọ tó ń fún un ni \\.\Tape0, ètò tó bá fẹ́ lò ó yóò fi CreateFile ṣí i, yóò fi WriteFile kọ dátà, yóò fi WriteTapemark kọ àmì, yóò sì fi SetTapePosition gbé e lọ síbi tó bá fẹ́. Ẹ rí i pé ohun kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀. NTBackup tí a ń lò láyé Windows XP mọ̀ ọ́n lò. Ètò tó rọ́pò rẹ̀ láti Windows Server 2008 kò mọ téèpù mọ́, nítorí náà ẹni tó wà lórí Windows ní láti wá ètò tí ẹlòmíràn ṣe.

Èyí tó rọrùn tí o ń béèrè ni LTFS. Nínú àwọn ìran LTO, LTO-5 tó jáde lọ́dún 2010 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a lè pín téèpù sí apá méjì: apá kékeré kan fún àtòkọ orúkọ fáìlì, apá ńlá fún dátà. LTFS yóò ka àtòkọ náà, yóò sì fi téèpù hàn bí fódà lásán tí a lè fi mouse gbé fáìlì sí. Ṣùgbọ́n téèpù kò tìtorí ìyẹn di hard disk. Bí ẹ bá pa fáìlì kan rẹ́, orúkọ rẹ̀ ló máa kúrò nínú àtòkọ, àyè rẹ̀ kò ní padà. Bí ẹ bá sì ṣí fídíò 3 lẹ́ẹ̀kan náà láti orí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn dídán bàtà tí Ayàwòrán gbọ́ yẹn.

Bàbá_Topo kọ:

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ìlú wa. Ọ̀sà wà níhìn-ín, òkun wà lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ Àgbádárìgì kì í gbẹ. Ọ̀tá téèpù ni ọ̀rinrin, nítorí ó ń bá lẹ́ẹ̀mọ́ tó mú ẹ̀tù irin mọ́ ara oníke náà jà; mo ti rí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ bí ọ̀dà. Ibi tó wà láàárín ìwọ̀n ooru 16 sí 25, tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò ju ìpín 50 nínú 100 lọ, ni LTO fẹ́ fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Bí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, wá àpótí oníke tó ní rọ́bà lẹ́nu, kí o sì kó àpò kéékèèké tó ń fa omi sínú rẹ̀. Bí o bá mú káàtíríìjì jáde láti ibi tútù, jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú yàrá kí o tó ti í bọ ẹ̀rọ.

Ayàwòrán_Àgbádárìgì kọ:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé. Ìdílé ìgbéyàwó kejì ní ẹ̀dà tiwọn lórí flash, wọ́n sì ti fún mi. Ti àkọ́kọ́ kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti pe ìyàwó náà, kò sì tíì pè mí padà.

N kò lo LTFS. Tar ni mo fẹ́, nítorí mo ti mọ ohun tó ń ṣe báyìí. Mo ti yọ ẹ̀tọ́ lílo /dev/st0 kúrò lọ́wọ́ orúkọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́, nst0 nìkan ló kù fún un. Mo ra ìwé ńlá kan, mo ń kọ nọ́ńbà káàtíríìjì, nọ́ńbà àkójọ, ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù àti ọjọ́ sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí HDR1 ti Bàbá. Kí n tó kọ ohunkóhun, mo máa ń tẹ mt status, mo sì ń fi nọ́ńbà tó bá sọ wé ti ìwé. Lánàá ó sọ pé "File number=3, block number=0", ìwé mi náà sọ pé 3, mo wá kọ ìgbéyàwó karùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo padà sí asf 3, mo fi tar -d fi gbogbo rẹ̀ wé ti orí hard disk. Kò sí ìyàtọ̀.

Bàbá_Topo kọ:

O káre. Káàtíríìjì ìsìnkú yẹn tí o yọ sílẹ̀, ṣé o ti ti ìlẹ̀kùn kékeré tó wà ní igun rẹ̀? Òun ló rọ́pò òrùka ayé tiwa. Bí kò bá tì, ẹlòmíràn lè kọ nǹkan lé e.

Ayàwòrán_Àgbádárìgì kọ:

Ó di ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín yìí kí n tó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn wà lára rẹ̀, Bàbá. Mo ti tì í.